Fáìlì Tí Agbẹjọ́rò Kò Rí

Obìnrin agbálẹ̀ kan wà ní Paris lópin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Marie Bastian lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jámánì tó wà ní òpópónà Lille ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kà á sí aláìmọ̀kan, wọn ò fura sí i rárá. Ìwé tí wọ́n bá ti fà ya jù sínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtí, èyí tó yẹ kó dáná sun, ṣe ni màmá yìí ń rọra kó o sínú àpò, tí á sì fà á lé ológun Faransé kan lọ́wọ́. Wọn á to àjákù náà pọ̀ lọ́fíìsì, wọn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọn á wá kà á. Ọ́fíìsì tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, Ẹ̀ka Ìṣirò ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìjọba, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ṣírò ohunkóhun níbẹ̀. Iṣẹ́ amí ni wọ́n ń ṣe.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894, ìwé kan dé ọ̀dọ̀ wọn tó dá ilẹ̀ Faransé sí méjì fún ọdún méjìlá gbáko. Bordereau ni àwọn Faransé ń pè é títí dòní. Kò ní orúkọ, kò ní déètì. Ẹnì kan ló kọ ọ́ sí Schwartzkoppen, ológun tó ń ṣojú Jámánì ní Paris, pé òun ń fi ìsọfúnni márùn-ún ránṣẹ́ sí i: èyí tó dá lórí bíréèkì ìbọn àgbá oní-120, èyí tó dá lórí àwọn ọmọ ogun tí yóò kọ́kọ́ dáàbò bo ààlà, èyí tó dá lórí àtúntò ẹ̀ka oníbọn àgbá, ọ̀kan lórí Madagascar, àti ìwé ìlànà ìbọn yíyìn tuntun. Ó parí rẹ̀ pé òun ń lọ síbi ìdánrawò ogun. Faransé ń gbára dì láti kógun ja Madagascar nígbà náà. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà ni Béhanzin, ọba Dahomey, ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìyì ológun wà lójú gbogbo ará ìlú, nítorí àwọn ni wọ́n gbójú lé láti gba Alsace padà lọ́wọ́ Jámánì tó ti gbà á ní 1871. Kí wọ́n wá gbọ́ pé ológun kan ń ta àṣírí fún Jámánì yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ tó lè lé mínísítà kúrò nípò ni. Ọ̀gágun Auguste Mercier ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun, àwọn oníwèé ìròyìn sì ti ń bú u tẹ́lẹ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò mú, kíákíá.

Gbogbo ayé ló ti mọ̀ báyìí pé Alfred Dreyfus kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé ti fọwọ́ sí i láti 1906. Èyí tó ń jọ mí lójú ni ọgbọ́n tí wọ́n fi dá a lẹ́bi, torí ó ní ìpele, ó ní ètò, kò sì sí ìpele kan nínú rẹ̀ tó dà bí iṣẹ́ ìkà lójú ẹni tó ń ṣe é.

Àbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìsọfúnni márààrún yìí kò lè ti ọ́fíìsì kan ṣoṣo jáde, nítorí náà ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti yí ká àwọn ọ́fíìsì: ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ológun tó ń kọ́ṣẹ́ ní olú ilé iṣẹ́ ológun. Wọ́n tún ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ oníbọn àgbá. Àbá lásán ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbà á lóòótọ́, àwọn tó kù láti wò kò pọ̀ mọ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì méjì gbé orúkọ wọn kalẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé orí Kẹ́pítẹ́ẹ̀nì Dreyfus. Wọ́n fa ìwé kan tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ yọ. Wọ́n wò ó mọ́ bordereau. Ọwọ́ jọwọ́. Ó parí.

Ta ni Dreyfus? Ìlú Mulhouse ní Alsace ni wọ́n bí i sí ní 1859, bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun. Nígbà tí Jámánì gba Alsace, ìdílé rẹ̀ yàn láti máa jẹ́ ọmọ Faransé. Ó lọ sí École Polytechnique, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, ó rọ́wọ́ mú, ó fẹ́ Lucie Hadamard ní 1890, wọ́n bímọ méjì. Owó wà nílé. Kò sí ìdí tí yóò fi ta àṣírí kankan. Èèyàn tó le díẹ̀ ni, kì í tètè rẹ́rìn-ín, kì í fi inú rẹ̀ hàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Júù sì ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ gan-an nìyí. Láti 1791 ni Faransé ti fún àwọn Júù ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, wọn ò sì tó 100,000 nínú èèyàn bíi mílíọ̀nù 38 tó wà nílẹ̀ náà. Àmọ́ ní 1886, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Édouard Drumont tẹ ìwé kan tó pè ní La France juive, tó di gbogbo ìyọnu Faransé ru àwọn Júù: bí báńkì bá wó, Júù, bí ọjà kò bá tà, Júù. Ìwé náà tà bí ẹni ń ta ọsàn. Ní 1892 ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, La Libre Parole, àwọn Júù tó wà nínú iṣẹ́ ológun ló sì kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn wọn. Kẹ́pítẹ́ẹ̀nì Júù kan, Armand Mayer, kú sínú ìjà idà tí ọ̀rọ̀ yìí fà lọ́dún yẹn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kọ́nẹ́ẹ̀lì méjì yẹn fi ìka kan orúkọ Dreyfus, kò sẹ́ni tó ní láti sọ pé Júù ni kí wọ́n mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ náà kò yà wọ́n lẹ́nu. Ká ní ọmọ ìdílé ńlá kan ni ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ jọ ọ́, mo gbà pé wọn ì bá tún un wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹwàá 1894, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó wá sí ilé iṣẹ́ ológun láàárọ̀, kó má sì wọ aṣọ ológun. Mẹ́jọ̀ du Paty de Clam ló ń dúró dè é. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ dúdú sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní ìka ń dun òun, òun ò lè kọ̀wé, kí Dreyfus jọ̀ọ́ bá òun kọ lẹ́tà kan tí Ọ̀gágun Boisdeffre fẹ́ fọwọ́ sí. Àwọn ọkùnrin mìíràn wà nínú yàrá tí Dreyfus kò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Dreyfus jókòó. Du Paty ń pè é, òun ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìlà díẹ̀, ọ̀rọ̀ inú bordereau bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: bíréèkì ìbọn àgbá oní-120, Madagascar. Lójijì ni du Paty bi í pé kí ló ń ṣe é tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Dreyfus dáhùn pé òtútù ló mú òun níka. Oṣù Kẹwàá ni, ní Paris, láàárọ̀. Wọ́n tún kọ díẹ̀ sí i, du Paty wá gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní òun mú un lórúkọ òfin, ẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n fi kàn án. Ìbọn ìléwọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó lè rí i. Ó yé e. Ó ní òun ò ní pa ara òun, pé òun máa wà láàyè kí òtítọ́ lè hàn.

Gbogbo eré yìí, ìbọ̀wọ́ àti lẹ́tà pípè, eré ni lóòótọ́, torí Mercier ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n mú Dreyfus láti ọjọ́ kan ṣáájú. Gbọ̀n o, má gbọ̀n o, ẹ̀wọ̀n Cherche-Midi ló ń lọ. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n náà, Forzinetti, rí ọkùnrin náà bó ṣe ń ké tó sì ń forí gbá ògiri, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ fáwọn aláṣẹ pé aláìṣẹ̀ lẹ ti mú yìí o. Wọn ò dá a lóhùn. Du Paty lọ sílé Lucie, ó tú ilé, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀, kódà kò gbọdọ̀ sọ fún ẹbí.

Kí wọ́n tó mú un ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa ìkọ̀wé. Gobert, tó ń bá Báńkì Faransé ṣiṣẹ́, ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Èsì yẹn kò dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n gbé e lọ fún Alphonse Bertillon, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń fi ìwọ̀n ara dá ọ̀daràn mọ̀ nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá Paris; ọlọ́gbọ́n èèyàn ni nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bertillon ní Dreyfus ni. Ibi tí kò sì ti jọ ọwọ́ Dreyfus ńkọ́? Ó ní Dreyfus ló mọ̀ọ́mọ̀ yí ọwọ́ ara rẹ̀ padà, kó lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé ẹlòmíràn ló fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé òun. Ẹ wo èyí dáadáa. Bó bá jọ, òun ni. Bí kò bá jọ, òun náà ni. Kò sí ìwé tí èèyàn lè kọ láyé yìí tí yóò gba olùwarẹ̀ lọ́wọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un, àwọn mẹ́ta mìíràn tún wò ó: méjì ní òun ni, ọ̀kan ní òun kọ́. Ká kó wọn pọ̀, nínú àwọn márùn-ún, mẹ́ta dá a lẹ́bi, méjì kò dá a lẹ́bi, lórí ìwé kan ṣoṣo tó jẹ́ gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀.

Mercier ì bá ti dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti tú ọ̀rọ̀ náà sétí La Libre Parole, wọ́n sì gbé e jáde gàdàgbà ní 1 oṣù Kọkànlá pé wọ́n ti mú ológun Júù kan fún ọ̀dàlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí Mercier bá tú Dreyfus sílẹ̀, Drumont á ní àwọn Júù ti ra mínísítà. Ó kúkú ti ara rẹ̀ sínú rẹ̀ pátápátá: kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún ìwé ìròyìn Le Figaro pé ó dá òun lójú pé Dreyfus jẹ̀bi. Ọ̀gá gbogbo ológun ló ń sọ̀rọ̀. Ológun sì ni adájọ́ méjèèje.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹjọ́ náà gbà, láti 19 sí 22 oṣù Kejìlá, nínú yàrá tí wọ́n ti lẹ́kùn rẹ̀. Edgar Demange ni agbẹjọ́rò Dreyfus, Kátólíìkì paraku, ọ̀jáfáfá. Ó tú ẹ̀rí bordereau palẹ̀ débi pé àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé wọ́n máa dá oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́jọ̀ Henry láti Ẹ̀ka Ìṣirò wá dìde, ó búra, ó ní ẹni iyì kan tí òun ò ní dárúkọ ti kìlọ̀ fáwọn pé ọ̀dàlẹ̀ wà nílé iṣẹ́ ológun, ó sì nàka sí Dreyfus pé òun nìyí. Demange ní kó dárúkọ ẹni náà. Kò dá a.

Nígbà tí àwọn adájọ́ wọ yàrá lọ jíròrò, du Paty gbé àpò ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ pa wá fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì Maurel, olórí wọn. Mercier ló ní kó gbé e wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tí Ẹ̀ka Ìṣirò ti kó jọ láti ọ̀dọ̀ màmá agbálẹ̀ yẹn, pẹ̀lú àlàyé tí wọ́n fi so wọ́n mọ́ Dreyfus. Ọ̀kan nínú wọn, tó dá lórí àwòrán odi ìlú Nice tí ẹnì kan ń tà, dárúkọ «aláìníláárí D. yẹn». D péré! Àìmọye èèyàn ní Paris ni orúkọ wọn fi D bẹ̀rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni ẹni tó ń ta àwòrán náà ń gbà, èyí tí kò jọ ìwà ọmọ olówó láti Mulhouse. Ìbéèrè tí agbẹjọ́rò èyíkéyìí ì bá bi wọ́n níṣẹ́jú kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n Demange kò mọ̀ pé fáìlì kankan wà. Dreyfus kò mọ̀. Òfin ẹjọ́ ológun Faransé fúnra rẹ̀ kò gbà kí adájọ́ wo ìwé tí olùjẹ́jọ́ kò rí. Àwọn méje náà kò bèèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ń fún wọn ní ẹ̀rí. Mínísítà ló fi í ránṣẹ́, mínísítà kò sì lè parọ́. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan: ó jẹ̀bi. Láti 1848 ni òfin Faransé ti fagi lé ikú fún ẹ̀ṣẹ̀ ìṣèlú, nítorí náà ẹ̀wọ̀n gbére ní òkè òkun ni wọ́n dá fún un, kí wọ́n sì bọ́ ipò lára rẹ̀ ní gbangba.

Ní 5 oṣù Kìn-ín-ní 1895 ni wọ́n bọ́ ọ, ní àgbàlá École Militaire. Wọ́n ti tú òwú àmì ipò rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ti fi ayùn ha idà rẹ̀, kí ó lè ya wẹ́rẹ́ kí ó sì ṣẹ́ wẹ́rẹ́ lójú èrò. Ológun kì í fi ètò ṣeré. Ó ń pariwo pé aláìṣẹ̀ ni òun. Lẹ́yìn ògiri, èrò ń kígbe pé kí wọ́n pa Júù. Wọ́n gbé e lọ sí Île du Diable, erékùṣù kékeré kan létíkun Guyane ní Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ ahéré olókùúta fún un, wọ́n ní kí ẹ̀ṣọ́ kankan má ṣe bá a sọ̀rọ̀. Ní 1896, nítorí àhesọ kan pé ó ti sá, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ooru yẹn.

Irọ́ ì bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà yìí, ká ní ọ̀dàlẹ̀ gidi náà ti jáwọ́. Kò jáwọ́. Ní 1896, àjákù lẹ́tà mìíràn tún dé láti ilé iṣẹ́ aṣojú Jámánì, Mẹ́jọ̀ kan tó ń jẹ́ Ferdinand Esterhazy ni wọ́n kọ ọ́ sí, onígbèsè, atatẹ́tẹ́. Ọ̀gá tuntun ti dé Ẹ̀ka Ìṣirò: Georges Picquart, ọmọ Strasbourg. Ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ Júù ni; òun náà kò fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ó rí ìwé tí Esterhazy fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó gbé e síwájú bordereau, ara rẹ̀ sì tutù: ọwọ́ kan náà ni, kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Ó lọ wá fáìlì tó dá Dreyfus lẹ́bi jáde, ó retí pé òun á bá ẹ̀rí ńlá níbẹ̀. Kò bá nǹkan kan. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ọ̀gágun Gonse lọ. Gẹ́gẹ́ bí Picquart ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn náà, Gonse bi í léèrè pé kí ló kàn án bí Júù yẹn bá wà lórí erékùṣù, àti pé bí kò bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Picquart ní òun ò ní gbé àṣírí yìí wọ sàréè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kúrò ní Paris, wọ́n rán an títí dé Tunisia.

Henry ló wá lọ sídìí gọ́ọ̀mù báyìí. Bí fáìlì náà kò bá ní ẹ̀rí, òun á fi ẹ̀rí sí i. Ó mú lẹ́tà tòótọ́ kan tí Panizzardi, ológun tó ń ṣojú Ítálì, kọ sí Schwartzkoppen. Ó fi ìkíni tó wà lókè àti ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó wá kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sórí ìwé mìíràn, ó gbé e sí àárín. Nínú rẹ̀ ni Panizzardi ti ń sọ pé bí wọ́n bá bi òun léèrè, òun á ní òun kò bá Júù yẹn da nǹkan pọ̀ rí. Dreyfus lórúkọ, gbangba! Òun fúnra rẹ̀ ló fà á ya, òun ló tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó lè dà bí ọjà màmá agbálẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn. Ní 7 oṣù Keje 1898, Cavaignac tó jẹ́ mínísítà tuntun kà á sókè ketekete nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ògiri ní gbogbo ìlú àti abúlé Faransé.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ní alẹ́ 13 oṣù Kẹjọ, Kẹ́pítẹ́ẹ̀nì Cuignet ń yẹ fáìlì náà wò lábẹ́ iná àtùpà. Kò sí nínú àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Dreyfus. Iṣẹ́ tí Cavaignac gbé fún un ló ń ṣe. Ìwé onílà wẹ́wẹ́ ni wọ́n kọ lẹ́tà Panizzardi sí, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò. Bí iná ṣe là á kọjá, ó rí i pé ìlà orí àti ìsàlẹ̀ ìwé náà ní àwọ̀ búlúù tó ṣá, àmọ́ ìlà àárín pọ́n bí ọtí wáìnì. Lẹ́tà kan, ìwé méjì. Cavaignac ránṣẹ́ pe Henry ní 30 oṣù Kẹjọ, ó fi ìbéèrè há a mọ́gun, Henry jẹ́wọ́. Wọ́n fi í sí odi Mont-Valérien. Ọjọ́ kejì, wọ́n bá a tó ti fi abẹ ge ara rẹ̀ lọ́fun.

Èèyàn á rò pé ó ti parí. Lójú ọ̀pọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Charles Maurras kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé nítorí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni Henry ṣe yí ìwé. La Libre Parole dá owó jọ fún opó rẹ̀, èèyàn bíi 25,000 sì mú owó wá, ó lé ní 130,000 owó franc. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ èébú sí àwọn Júù mọ́ owó wọn, àlùfáà wà níbẹ̀, ológun wà níbẹ̀. Bí irọ́ bá ti di tìlú, títú àṣírí rẹ̀ nìkan kò ní pa á.

Mo ti sáré kọjá àwọn tó jà fún un, torí ìtàn tiwọn lókìkí tẹ́lẹ̀: Mathieu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi gbogbo agbára rẹ̀ wá òtítọ́, Bernard Lazare tó kọ́kọ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ ní 1896, Scheurer-Kestner ní ilé aṣòfin àgbà. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1898, ilé ẹjọ́ ológun dá Esterhazy sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, 13 oṣù náà, òǹkọ̀wé Émile Zola gbé lẹ́tà J'Accuse jáde nínú ìwé ìròyìn L'Aurore, ó dárúkọ àwọn ọ̀gágun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè pe òun lẹ́jọ́, kí ọ̀rọ̀ lè di ti gbangba. Wọ́n pè é lóòótọ́, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un, ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Lóṣù Kìn-ín-ní yẹn kan náà, wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù káàkiri ìlú Faransé. Ti Algiers burú jù, àwọn ará ibẹ̀ sì dìbò yan Drumont sílé aṣòfin lọ́dún náà.

Bí wọ́n ṣe ń yí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ padà náà yẹ fún àlàyé díẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé kì í tún ẹjọ́ gbọ́ kìkì nítorí pé inú ẹnì kan kò dùn; ohun tuntun tí àwọn adájọ́ àkọ́kọ́ kò mọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wá. Ìwé tí Henry yí di ohun tuntun. Ní 3 oṣù Kẹfà 1899, wọ́n fagi lé ìdájọ́ 1894, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà fún àwọn ológun ní Rennes. Labori, agbẹjọ́rò Dreyfus, ń lọ sí kóòtù lọ́jọ́ kan ni ẹnì kan yìnbọn fún un lẹ́yìn, kò kú. Mercier dé ibẹ̀, kò kábàámọ̀ rárá. Kẹ́pítẹ́ẹ̀nì Freystaetter, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ méje àkọ́kọ́, sọ ọ́ ní gbangba pé lóòótọ́ ni wọ́n fún àwọn ní ìwé ní ìkọ̀kọ̀. Síbẹ̀, ní 9 oṣù Kẹsàn-án, adájọ́ márùn-ún nínú méje tún ní Dreyfus jẹ̀bi, àmọ́ pé ohun kan wà tó mú ẹ̀bi rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọ̀dàlẹ̀ tí ẹ̀bi rẹ̀ fúyẹ́! Kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé èyí, àfi pé àwọn ológun fẹ́ tú u sílẹ̀ láìgbà pé Mercier ṣẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Loubet fún un ní ìdáríjì. Ó gbà á, torí ara rẹ̀ ti ń kú lọ. Inú bí àwọn kan nínú àwọn tó ń jà fún un, wọ́n ní aláìṣẹ̀ kì í gba ìdáríjì. Mo máa ń rò pé ẹni tí wọn ò so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1900, ìjọba ṣòfin tó pa gbogbo ẹjọ́ tó jẹ mọ́ ọ̀ràn náà rẹ́. Bí Mercier ṣe bọ́ nìyẹn; ilé aṣòfin àgbà ló ti dé nígbà náà.

Ìdáríjì kò pa ìdájọ́ Rennes rẹ́, òfin 1900 sì fi àyè sílẹ̀ fún Dreyfus láti máa bá ẹjọ́ tirẹ̀ lọ. Ní 12 oṣù Keje 1906, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e, wọn ò sì dá a padà fún ológun kankan mọ́: wọ́n ní kò sí ohun kan tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀sùn náà. Wọ́n fi oyè Légion d'honneur dá a lọ́lá ní École Militaire. Ní 1908, níbi tí wọ́n ti ń gbé òkú Zola wọ Panthéon, oníwèé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Grégori yìnbọn fún Dreyfus ní apá. Ilé ẹjọ́ Paris dá Grégori sílẹ̀.

Wàhálà ipò rẹ̀ ṣì kù. Òfin tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1906 sọ ọ́ di Mẹ́jọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ka àwọn ọdún tó lò lẹ́wọ̀n mọ́ ọdún iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ka ti Picquart, tí òun di ọ̀gágun. Àwọn tó kéré sí Dreyfus lẹ́nu iṣẹ́ di ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n kọ̀, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1907. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ó padà wọ aṣọ ológun, ó dé Verdun. Ó kú ní 12 oṣù Keje 1935. Ní 2025 ni àwọn aṣòfin Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin tó sọ ọ́ di ọ̀gágun, àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tó ti kú.